Àjẹkù Ìyá Ìwó

Ẹja díndín ni Nàfísàt ń tọrọ lọ́jọ́ tí Sàhéèdì kọ́kọ́ fojú kàn án. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá arúgbó kan, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ pín ẹran fún, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ẹni tí kò tíì rí ẹja rí láyé. Abẹ́ ìrọ̀rí ni bàbá náà ti fa ẹja ọ̀hún yọ, nínú ìwé ìròyìn tí òróró ti mu yó.

"Bàbá Ògúnkànmí, ẹ má mà jẹ ẹ́ tán o," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ ṣàjẹkù fún èmi ọmọ yín. Ta ló máa jẹ àjẹkù yín bí kì í bá ṣe èmi?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi dá ẹ̀rín náà dúró. Ó kó ẹja lé e lọ́wọ́ teegunteegun. "Gbà, ọmọ mi. Ìwọ lo mọ iyì àgbà."

Sàhéèdì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi apá kan gbá ìyá àgbà rẹ̀ mú, ó fi apá kejì gbé báàgì aṣọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wù ú wò, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú bí i. Ṣé irú àwọn tí òun fẹ́ fi ìyá òun sílẹ̀ fún nìyí? Òṣìṣẹ́ tó ń tọrọ ẹja lẹ́nu arúgbó!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Sàhéèdì jẹ́ fún yín ká tó máa bá a bínú lọ. Ọmọ Ìwó ni, ó ń tún fíríìjì ṣe ní Ibafo, yàrá kan ló sì háyà síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, ìyá ìyá rẹ̀, Sùwéébátù, ló tọ́ ọ dàgbà. Kò ní ẹlòmíràn láyé. Nígbà tí ìyá ṣubú ní Ìwó tí ìbàdí rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, Sàhéèdì lọ gbé e wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jáde láàárọ̀ lọ wá fíríìjì tó bàjẹ́ kiri, ta ni yóò fi ìyá tì nínú yàrá kan? Ìgbà yẹn gan-an ni SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, dé tó ń gbo ará ìlú bí aṣọ. Kò sí ayálégbé tó ráyè jókòó ti ìyá ẹlòmíràn.

Ló bá gbọ́ pé nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, Màmá Adéyẹ́misí, ṣí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà sí Mowe. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní ilé arúgbó, wọ́n sì ń yọ ṣùtì bí wọ́n bá ń kọjá níwájú rẹ̀. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, òun Sàhéèdì wá ń gbé òkété tirẹ̀ lọ fún alágbàtọ́. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti Ibafo títí dé ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bó ṣe fi ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tán, ó tọ ọmọbìnrin náà lọ sẹ́yìnkùlé láti lọ sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i. Ohun tó bá níbẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọbìnrin náà dá ẹja sínú kòtò ìdalẹ̀sí, ó bu eérú lé e lórí, ó sì ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá.

"Sìsí, ẹ jọ̀ọ́," Sàhéèdì ní, "ṣebí ẹ ní ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

Ọmọbìnrin náà fò sókè, ó sì yára wo fèrèsé. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀ o! Ṣé ẹ fẹ́ kí Bàbá gbọ́ ni?" Ó sún mọ́ ọn. "Ẹja Ọjọ́rú nìyẹn, òní sì ni Sátidé. Ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá. Bàbá jẹ ìdajì, ó fi ìyókù pamọ́ de àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Èèrà ti jẹ níbẹ̀, eku náà ti tọ́ ọ wò. Bí mo bá ní kó mú un wá kí n dà á nù, á ní mo rí òun fín. Bí mo bá jí i gbé, mo ti di olè. Àmọ́ bí mo bá kúnlẹ̀ tọrọ àjẹkù…"

"Á fún yín."

"Àgbà wo ló máa ní kí ọmọ tó kúnlẹ̀ máa lọ lọ́wọ́ òfo?"

Sàhéèdì wò ó, inú tó ń bí i ti ń di nǹkan mìíràn. "Mo mà rò pé ebi ló ń pa yín."

"Ebi ń pa mí o," Nàfísàt dá a lóhùn. "Àmọ́ kì í ṣe ti ẹja yẹn."

Ẹ ti mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ẹni tó wá bú ọmọbìnrin padà sí Ibafo, kò bú u, kò sì lè sùn.

Ẹ jẹ́ kí n yin ọmọ yìí díẹ̀, nítorí ó tó ẹni à ń yìn. Kò sí ibi tí àwọn àgbà ilé náà ń fi oúnjẹ pamọ́ sí tí kò mọ̀. Màmá Dárasími ń kó ẹ̀kọ sínú àpótí aṣọ, sáàárín léèsì tó fẹ́ràn jù. Bàbá kan wà tó ń fi àkàrà sínú fìlà, tó ń gbé fìlà kọ́ ara ògiri, tí èèrà ń tò lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ sí Yídì. Nàfísàt kò jágbe mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Oúnjẹ sísè tó bá ti sùn nínú yàrá, á tọrọ rẹ̀ ni. Èyí tó bá ṣì dára, á gbé e sí fíríìjì ilé ìdáná, á so ẹ̀já aṣọ mọ́ etí abọ́, ẹ̀já tó gé lára ògbólógbòó aṣọ oníkálukú, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè dá abọ́ tirẹ̀ mọ̀. Ẹ̀pà, gúgúrú, kúlíkúlí àti bisikíìtì nìkan ló ń jẹ́ kó wà nínú yàrá, nínú agolo onídèérí. Bí NEPA bá sì mú iná lọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kì í gba fíríìjì gbọ́, á gbé gbogbo ọbẹ̀ kaná lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fíríìjì ọ̀hún sì ń ṣàìsàn. Sàhéèdì ló tún un ṣe, kò gba kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni fíríìjì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ léraléra lọ́nà tó ya Màmá Adéyẹ́misí lẹ́nu.

"Bọ̀dá Sàhéèdì," Nàfísàt ní lọ́jọ́ kan, ó fara ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, "ẹ̀yìn fíríìjì yìí lẹ wà láná. Kí ló tún ṣe é lónìí?"

"Fíríìjì àsìkò yìí ò ṣeé gbára lé. Ó ń fẹ́ àbójútó lójoojúmọ́."

"Ohun tó ń fẹ́ àbójútó nínú ilé ìdáná yìí, mi ò rò pé fíríìjì ni o."

"Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ ṣàánú rẹ̀ ná."

Nàfísàt fi aṣọ ìnulẹ̀ nà án léjìká, ó sá wọlé, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ. Ìfẹ́ wọn dàgbà báyìí, láàárín abọ́ àti ìkòkò, lórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi àgbálùmọ̀ níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀pà sínú agolo àwọn àgbà. Nígbà tó yá, ó di "Àdùkẹ́ mi" lẹ́nu Sàhéèdì.

Ìyá Ìwó, bí gbogbo ilé ṣe ń pe Sùwéébátù, kò mọ ohun tó ń lọ, ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ràn Nàfísàt. Ó máa ń sọ fún àwọn yòókù pé òun ní ọmọ kan níbẹ̀ tó ń jẹ àjẹkù òun. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò jẹ́ fún un. Bí Sàhéèdì bá gbé mọ́ínmọ́ín wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìyá á jẹ ìdajì, á fi ìdajì pamọ́ sínú aṣọ fún Sàhéèdì fúnra rẹ̀ di ìgbà tó bá padà wá ní ọjọ́ Àìkú. "Ti Àkànní ni," á wí, oríkì Sàhéèdì nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè tọrọ ti Àkànní.

Sàhéèdì sì ń jẹ ẹ́ o. Ó ti kan bí ògì ọjọ́ pípẹ́, ó ń yọ̀ lẹ́nu, síbẹ̀ á gbé e mì, á ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ yin Nàfísàt fún iṣẹ́ tó ń ṣe, òun náà ló ń jẹ ohun tí Nàfísàt ń dà nù, nítorí pé ọwọ́ àgbà ló ti wá. Inú rẹ̀ á máa kùn títí di ọjọ́ Ajé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Sàhéèdì ní òun fẹ́ fẹ́ Nàfísàt, Nàfísàt kò ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Omi lé sí i lójú, ó ní, "Èmi náà fẹ́ ọ." Ó sì lọ sọ fún bàbá rẹ̀, Mùtàlíbù, tó ń ta ọkọ́ àti àdá lọ́jà Ifo. Ìdáhùn tó mú bọ̀ kò dùn.

"Bàbá mi ní, ẹni tó gbé ìyá rẹ̀ fún àjèjì tọ́jú, ta ni yóò bá a wá tọrọ ọmọ? Ó ní tí ẹbí rẹ kan ò bá lè jókòó síwájú òun, kí o má wulẹ̀ wọ mọ́tò."

"Ẹbí wo ni mo ní ju Ìyá lọ?"

"Ìyá náà ti tó. Tí Ìyá bá wá, ọ̀rọ̀ bùṣe."

Sàhéèdì kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó sáré wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ro ẹjọ́ náà tán. Ìyá Ìwó pàtẹ́wọ́. "Nàfísà tèmi? Èyí tó ń jẹ àjẹkù mi? Alihamudulilai!"

Ká ní Sàhéèdì dákẹ́ níbẹ̀ ni, ìtàn yìí ìbá ti parí, ẹ̀yin náà ìbá sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ìfẹ́ ń pa kì í mọ ibi tí ìyìn ń tó.

"Ìyá, ẹ ò mọ bí ọmọ yẹn ṣe gbọ́n tó! Kì í jẹ ẹ́ rárá. Ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, ó kàn ń tọrọ ẹ̀ kó má bàa dùn yín ni. Tó bá dẹ́yìnkùlé, á dà á sí kòtò, á bu eérú lé e, á fọwọ́. Gbogbo wọn ló ń ṣe é fún, kò sì sẹ́ni tó tíì…"

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti jáde tán ló tó gbọ́ ohun tó sọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìyá kò pariwo. Ó kàn wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kòtò," ó wí.

"Ìyá, ẹ gbọ́ ná…"

"Mo ti sọ fún gbogbo ilé yìí pé mo ní ọmọ tó ń jẹ àjẹkù mi. Kòtò ló ń jẹ ẹ́." Ó yí ojú sí ògiri. "Ẹni tó lè fi ìkúnlẹ̀ tàn mí kò ní í ṣe ìyàwó ọmọ mi. Mi ò bá ọ lọ sí Ifo, Àkànní. Wá ẹlòmíràn fẹ́."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ìyá kò yíjú padà. Nígbà tó jáde tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Nàfísàt, ọmọbìnrin náà jókòó pẹ̀ẹ́ sórí bẹ́ǹṣì. Kò bú u.

"O yìn mí pa," ó ní.

Láàárín ilé tí àwọn àgbà kò ní iṣẹ́ ju kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ, ìròyìn náà kò pẹ́ kó tó dé yàrá gbogbo. Láti ọjọ́ náà, bí Nàfísàt bá kúnlẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀kọ kúrò nínú àpótí Màmá Dárasími, ó lọ sábẹ́ tìmùtìmù. Àkàrà kúrò nínú fìlà. Ibi tí wọ́n kó wọn lọ, Ọlọ́run ló mọ̀. Bí Nàfísàt bá kí Ìyá Ìwó, á dáhùn, kò ní ṣàìdáhùn, nítorí ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ògiri ló ń wò.

Ohun tí Nàfísàt ń bẹ̀rù dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Sàhéèdì wà lẹ́yìn fíríìjì, fíríìjì náà bàjẹ́ ní tòótọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tó gbọ́ igbe Nàfísàt. Bàbá Ògúnkànmí ti ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ẹran tó fi sínú bàtà, tó fi ìbọ̀sẹ̀ dí, ló jẹ. Sàhéèdì sáré lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mùsáfírù tó ní píkọ́ọ̀pù, wọ́n gbé bàbá dé ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára. Nàfísàt gbé orí rẹ̀ lé itan láti Mowe dé ibẹ̀, ó ń nu ẹnu rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ má lọ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ." Sàhéèdì tó wà lẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú wọn kò lè wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló gbé bàbá dé ibẹ̀, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá kò kú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, Màmá Adéyẹ́misí pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Obìnrin dáadáa ni, àyà rẹ̀ ló já.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ kó gbogbo ẹrù inú yàrá síta. Àpótí, báàgì, bàtà, gbogbo ẹ̀. Ẹ tú u lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sì sí ẹbí tó gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ wọlé síbí mọ́."

Nàfísàt bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí a bá tú ẹrù àgbà síta lójú ara wọn, a ti sọ wọ́n di ọlọ́ṣà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ ná."

"Tí wọn ò bá gbọ́ ńkọ́?"

"Kí ẹ lé mi lọ. Èmi ni mo fà á."

Wọ́n kó gbogbo àgbà jọ sí pálọ̀. Sàhéèdì dúró sídìí ògiri. Ó ti rí Nàfísàt lórí ìkúnlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti rẹ́rìn-ín sí i, ó ti fẹ́ràn rẹ̀ nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn yàtọ̀. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ̀yin òbí mi, irọ́ ni mo ń pa fún yín," ó ní. "Àjẹkù tí mo ń tọrọ, mi ò jẹ ẹ́. Ó ti bàjẹ́ ni mo ṣe ń dà á nù. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, ó máa dùn yín, mo wá ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́ ọmọ tẹ́ ẹ kọ́lé ò lè gbọ́ òótọ́. Ẹ̀bi mi ni. Bàbá Ògúnkànmí fẹ́ẹ̀ bá a lọ, torí pé ẹ ò lè gbà mí gbọ́ mọ́. Ẹ foríjì mí."

Ìyá Ìwó fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Oúnjẹ ni mo sè tà jẹ ní Ìwó. Kò sẹ́ni tó jẹ oúnjẹ mi tí inú run ún. Ṣé èmi ni n kò wá mọ oúnjẹ tó bàjẹ́?" Ó ki ọwọ́ sínú ìró, ó yọ ewé mọ́ínmọ́ín kan jáde. "Ẹ wò ó. Ti Àkànní nìyí. Kí ló ṣe é?"

Bó ṣe tú ewé náà, òórùn kíkan gba pálọ̀. Màmá Adéyẹ́misí fi aṣọ bo imú. Ìyá Ìwó gbé e sún mọ́ imú tirẹ̀, ó fà á símú dáadáa, ó tún fà á. "Kò sóòórùn kankan níbẹ̀," ó ní.

Nàfísàt rọra wò ó. "Ìyá, ṣé ẹ ń gbóòórùn àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín nílé ìdáná báyìí?"

Ìyá gbé orí sókè, imú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ohun tí Sàhéèdì rí lójú rẹ̀ lẹ́yìn èyí, ó wọ̀ ọ́ lára.

"Àlùbọ́sà ń bẹ lórí iná?" ni ìyá bèèrè.

"Ó ń bẹ, Ìyá. Imú yín ló ti rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbí ló rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi yín."

Ìyá yí sí Sàhéèdì. "Àkànní. Èyí tí mo ń fún ọ lọ́jọ́ọ̀jọ́ Àìkú, ṣé bó ṣe ń rí nìyí?"

Sàhéèdì lè purọ́. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo Nàfísàt tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bó ṣe ń rí nìyẹn, Ìyá."

"O sì ń jẹ ẹ́?"

"Mò ń jẹ ẹ́."

"Inú kì í run ọ́?"

"Ó máa ń run mí títí dọjọ́ Ajé."

Màmá Dárasími bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Ìwó kò rẹ́rìn-ín. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. "Mo ti ń fi ọwọ́ ara mi pa ọmọ mi, ọmọ náà sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ó sunkún tó, ó fi etí ìró nu ojú. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ lé Nàfísàt lórí.

"Ẹ̀yin méjèèjì ló purọ́ fún mi. Tìrẹ, Àkànní, ìwọ ń ṣàìsàn, èmi náà sì ń bá jíjẹ ẹ́ lọ. Ti ọmọ yìí ni kò jẹ́ kí n kú. Dìde, ọmọ mi. Kí ni oríkì rẹ?"

"Àdùkẹ́ ni, Ìyá."

"Àdùkẹ́, wá bá mi gbóòórùn gbogbo ohun tó wà nínú yàrá mi. Èyí tó bá ti bàjẹ́, sọ fún mi lójú mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ju èyí tí mo mọ̀ lọ."

Bàbá tó ń fi àkàrà sínú fìlà ló tẹ̀lé wọn, ó ní kí ó wá gbóòórùn tòun náà. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà fúnra wọn ti kó oúnjẹ jáde lábẹ́ tìmùtìmù, nínú bàtà, lẹ́yìn fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹrù wọn. Màmá Adéyẹ́misí kò lé ẹbí kankan padà mọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé sítóòfù sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí ń wá, kí àgbà tó bá fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní nǹkan lè dín àkàrà gbígbóná fún un lójú ẹsẹ̀. Kí Bàbá Ògúnkànmí tó ti ọsibítù dé, ilé náà ti ń ta sánsán.

"Ṣé o ti foríjì mí?" Sàhéèdì bi Nàfísàt lábẹ́ igi àgbálùmọ̀.

"Mo ti foríjì ọ́. Àmọ́ tí o bá tún jẹ mọ́ínmọ́ín kíkan nítorí ọ̀wọ̀, ilé ìyàgbẹ́ lo máa gbé ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa, èmi nìkan ni màá jókòó."

"Láti òní lọ, ohun tí o bá ní kí n jẹ ni màá jẹ."

"Gbogbo ọkùnrin ló ń sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbéyàwó," Nàfísàt ní, ṣùgbọ́n ó ti gbé orí lé e léjìká.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sí Ifo, Ìyá Ìwó wọ àrán. Mùsáfírù fi tìmùtìmù méjì sí iwájú píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kí ìbàdí ìyá lè gbà á, ó sì rọra ń wà á, wọ́n gba Èkó yípo, ìyá ń kérora níbi gbogbo tí ọ̀nà ti bàjẹ́, kò sì gbà kí wọ́n yà sinmi. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Mùtàlíbù, Ìyá Ìwó ti ọwọ́ Sàhéèdì kúrò lára rẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ wọlé.

Bàbá Mùtàlíbù dìde nígbà tó rí i. Kò retí àgbà tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi í jókòó sórí àga tó dára jù, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀ ni.

"Ìyá, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Wọ́n ní ọmọ yìí fẹ́ràn yín. Kí ló wá gbé yín dé ilé arúgbó?"

"Ìfẹ́ náà ni," Ìyá Ìwó dá a lóhùn. "Kò fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi kó bá mi ní òkú nígbà tó bá dé. Ojú ń tì í títí dòní. Èmi ni ojú ò tì. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọ yín."

Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ìrẹsì Ọ̀fàdà nínú ewé, ọbẹ̀ ata tí epo rẹ̀ ń dán. Ìyá Nàfísàt fúnra rẹ̀ ló sè é, ó sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kó rí bí àlejò yóò ṣe gbádùn rẹ̀. Ìyá Ìwó bu ṣíbí kan, ó gbé e dé ẹnu, ó dá a padà.

"Àdùkẹ́!" ó pè. "Àdùkẹ́ dà? Wá bá mi gbóòórùn rẹ̀."

Ojú ìyá Nàfísàt yí padà. Nínú ilé wo ni àlejò ti ń ní kí wọ́n gbóòórùn oúnjẹ tí wọ́n gbé fún òun? Sàhéèdì wo ilẹ̀, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Nàfísàt tó yẹ kó wà ní yàrá títí wọ́n á fi pè é jáde, ó sáré wá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó tẹ orí ba abọ́.

"Ó dára, Ìyá. Ó gbóná, irú pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́."

Ìyá Ìwó jẹ ṣíbí àkọ́kọ́, ó jẹ ìkejì. Lẹ́yìn èyí ló tó kọjú sí àwọn onílé.

"Ìyá Nàfísà, ẹ má bínú sí mi. Oúnjẹ yín ò ní láìfí. Imú mi ló ti kú, mi ò lè mọ èyí tó máa bọ́ mi yàtọ̀ sí èyí tó máa pa mí. Ọmọ yín ló ń gbóòórùn fún mi. Mi kì í jẹun mọ́ àfi tó bá ní kí n jẹ." Ó mí. "Àkànní wá tọrọ ìyàwó, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òun nìkan ló wá. Èmi gan-an ni mo wá, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi lọ́mọ yìí."

Ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Bàbá Mùtàlíbù fò dìde, ó di ejìká rẹ̀ mú.

"Rárá, Ìyá, rárá! Ẹ jókòó. Ẹ fọkàn balẹ̀ jẹun." Ó nu ojú. "Ẹ ti ní i. Láti òní, ọmọ yín ni."

Sàhéèdì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀, kò mọ ìgbà tí wọ́n ní kó dìde. Nàfísàt fẹ́ padà sí yàrá kí wọ́n lè pè é jáde bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n Ìyá Ìwó kò jẹ́ kó lọ. Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun lọ títí abọ́ náà fi tán.